Lórí Òrùlé Àlàájà

Òórùn ata tí wọ́n sá sóòrùn, tó dà pọ̀ mọ́ ti tùràrí, ni mo fi ń rántí àdúgbò Al-Hindawiyah. Awọnlẹ̀ ni mí, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló sì gbé mi dé Jẹ́dà. Òrùlé kan wà ládùúgbò náà tó ga ju ìyókù lọ. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ síbẹ̀ á rí igun gbogbo ilé tó yí i ká. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti kanlẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó ṣí i. Nígbà tó kàn mí, mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan ń fi Yorùbá bá sítóòfù tó kọ̀ tí kò tàn jà nínú ilé. Mo kí i, ó yọjú, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tòun ti akoto iṣẹ́ lórí.

"Dìde, jàre," ló wí. "Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún níbí." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ti ṣí.

Àlàájà ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló wá ṣe Háájì ní Mẹ́kà nígbà èwe wọn, tí wọn ò padà sílé mọ́. Inú ilé yẹn ló bí àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Ìwọ náà mọ bí tiwa ṣe rí nílé: bí awọnlẹ̀ bá ti ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́ igun ilẹ̀, ọkàn onílẹ̀ á balẹ̀ pé ilẹ̀ ti di tòun, wọ́n á sì gbàdúrà sí i. Ohun tí Àlàájà rò nìyẹn. Ó gbé tíì fún mi lórí òrùlé, ó ṣàdúrà fún ẹ̀rọ mi, ó ní òun ti ń retí ìwé ilé yìí tipẹ́.

Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n mo sọ fún un. "Mà, wọ́n fẹ́ wó àdúgbò yìí ni. Ohun tá a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyẹn."

Ó yíjú sí ata tó sá sórí òrùlé, ó ń fọwọ́ tú u ká. Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Jókòó, mu tíì rẹ. Bí mo bá lé ọ, ẹni tí kò ní kí mi ni wọ́n máa rán wá."

Mo mu ún. Mo sì ń padà wá títí iṣẹ́ fi parí, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n wó ibẹ̀, ìyá mi wá ṣe Úmúrà. Bó ṣe ti Mẹ́kà dé, ó ní àfi kí n mú òun lọ kí Àlàájà tí mo ti ròyìn fún un, ẹni tó bá òun tọ́jú ọmọ. Mo ní àwọn ọmọ Àlàájà ti mú un lọ síbi tí mi ò mọ̀, pé ilé ti di iyanrìn. Ó ní ká lọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ níbẹ̀, èèyàn ò lè mọ ibi tí òpópónà gbà mọ́. Èmi ò wá a kiri. Mo rìn tààrà síbi tí ẹnu ọ̀nà wà, mo dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni.

Ìyá mi kúnlẹ̀ lórí iyanrìn. "Ẹ ṣeun, Àlàájà, ẹ bá mi tọ́jú ọmọ." Ó wá wojú mi. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò ní kí wọn ni?"

Mi ò purọ́ fún Àlàájà. Síbẹ̀, àwọn tó rán mi kò mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n, ìkíni náà ni mo sì fi ṣílẹ̀kùn fún wọn. Títí dòní, bí iṣẹ́ bá gbé mi dé ẹnu ọ̀nà àgbàlagbà, mo máa ń sọ ohun tí mo wá ṣe kí n tó dọ̀bálẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń dúró dè mí, ara mi kọ̀, kò tẹ̀.