Àgò Irin Bàbá Wẹ́dà

Mẹ́fà ni pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó tí Bàbá Wẹ́dà kó wọ àgò nírọ̀lẹ́, àwọn ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn tí í lé àlejò bí ajá. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, márùn-ún ló bá. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìyẹ́ nílẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní títì gbọin bó ṣe fi í sílẹ̀.

Ogójì ọdún ni baba yìí ti fi ń jó irin. Iná iṣẹ́ ti sọ ojú rẹ̀ ọ̀tún di bàìbàì, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn tó ṣe tí olè já rí. Ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé ló fi àwọn ẹyẹ náà sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń bá a gbélé báyìí.

"Ajá àdúgbò ni," baba sọ fún un. "Màá fi irin hàn án."

Ó wá wáyà tí ìka ò lè gba ojú rẹ̀ kọjá, ó fi yí àgò ká, ó jó o mọ́ òpó, ó sì ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Káfíńtà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn yọjú.

"Bàbá, ṣé pẹ́pẹ́yẹ lẹ fẹ́ kó síbẹ̀ ni, àbí owó báǹkì?"

Lọ́sẹ̀ kejì, ó ku mẹ́rin.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹyẹ ti kọ̀, wọn ò wọlé mọ́. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á na ọrùn, wọ́n á máa dún ṣìì-ṣìì. Ìgbálẹ̀ ni baba fi ń lé wọn wọlé nírọ̀lẹ́.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin aláìmoore!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ká aṣọ dáwọ́ dúró. "Àbúrò mi, wọn ò wo ìta o. Inú àgò ni wọ́n ń wò."

"Ẹ̀rù ajá ló ń bà wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé."

Baba fi ìgbálẹ̀ ti èyí tó kẹ́yìn wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tó ku mẹ́rin, mẹ́ta ló bá, tí wọ́n fún ara wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹnu wọn ti bó níbi tí wọ́n ti ń ṣá wáyà.

Ó pe káfíńtà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú pákó tó tẹ́ sílẹ̀ àgò lórí bíríkì, èyí tí àlàfo kan wà láàárín rẹ̀ níbi tí ẹyin máa ń bọ́ sí. Abẹ́ pákó kìíní, òfo. Abẹ́ ìkejì, òórùn kan rú jáde. Abẹ́ ìkẹta, òjòlá ká jọ síbẹ̀, ó nípọn bí itan ọkùnrin, ikùn rẹ̀ wú. Imú rẹ̀ ti họ yánnayànna. Ó ti wà níbẹ̀ kí wáyà tó dé. Ó wá ọ̀nà àtijáde títí, kò rí. Baba ló tì í mọ́ àwọn ẹyẹ.

Àdá káfíńtà ló parí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wo abẹ́ àlàfo náà, ó wo àbúrò rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ibí lo ti máa ń ti ọwọ́ bọ̀ láràárọ̀, tó o fi ń kó ẹyin?"

"Ibẹ̀ ni."

"Àná ńkọ́?"

"Àná, mo kan nǹkan tútù kan." Baba gbé ọwọ́ sẹ́yìn. "Mo ṣe bí bíríkì ni."

Òun fúnra rẹ̀ ló gé àgò náà wó kí ọjọ́ tó rọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ẹyẹ mẹ́ta ń sùn báyìí. Ẹ̀gbọ́n ń ráhùn ìgbẹ́ wọn, kò sì lé wọn. Ṣùgbọ́n bí ariwo wọn bá dákẹ́ lójijì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò á máa wo ilẹ̀ kiri.