Ìkòkò Tíì Kan Nínú Ilé Méje

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, iṣẹ́ kí á máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìní kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ọdún kọkànlá rèé tí Ijja ti ń fẹsẹ̀ gun òkè Atlas, ìwé ìbéèrè ìjọba lábẹ́ abíyá, láti ojúlé dé ojúlé. Ohun tó bá kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé tí ìrànwọ́ yóò dé. Obìnrin náà kúrú, ó sì lẹ́nu, àmọ́ irọ́ kì í jáde lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, ó dé abúlé Tizgi, ilé Tuda ló sì kọ́kọ́ yà. Opó ni Tuda. Izza ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ó mọ̀wé gan-an. Bí ìrànwọ́ kò bá dé, tí wọ́n bá ti ká ápù tán, Izza ń lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ìlú Marrakesh nìyẹn. Tuda sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ó sì bu tíì fún àlejò láti inú ìkòkò tíì dídán kan tí ọmọrí rẹ̀ tẹ̀ lápá kan. Kápẹ́ẹ̀tì pupa wà nílẹ̀. Ijja kọ ọ́: ìkòkò tíì, máàkì kan, kápẹ́ẹ̀tì, máàkì kan. Máàkì tó bá sì pọ̀ ló ń sọ onílé di olówó lójú ìjọba.

Ní ilé kẹta, ó tún rí ọmọrí tó tẹ̀ yẹn. Ní ilé karùn-ún, ìkòkò náà ti gbóná kí wọ́n tó gbé omi kaná. Nígbà tó dé ilé keje, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lórí òrùlé, ó sì yé e. Orí òrùlé ni àwọn obìnrin Tizgi ń gbà gbé ẹrù ṣáájú rẹ̀. Ta ló fẹ́ fi agolo gbé tíì fún àlejò? Ìtìjú gbáà ni lọ́dọ̀ wa.

Ó padà sọ́dọ̀ Tuda, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Agolo tòmátò ni Tuda fi ń se omi, ilẹ̀ lásán ló jókòó sí.

"Ìyá Izza, ìkòkò yẹn ńkọ́?"

"Ó ti lọ sílé ẹ̀." Tuda ò wojú rẹ̀. "Ṣé ìyá tìẹ ò yá irú ẹ̀ rí ni?"

"Ó yá a. Ẹ jẹ́ kí n kọ òótọ́."

"Kí àwọn tó yá mi wá di onírọ́ lójú ìjọba? Rárá o, ọmọ mi. Ohun tó o rí ni kó o kọ."

Inú bí Ijja, kì í ṣe sí Tuda, sí ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lọ ní ọ́fíìsì, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó ní ẹrù tí wọ́n ń yá ara wọn gba orí òrùlé ni ìwé náà ń kà.

"Ìwé yìí ti wà kó o tó débí," ni Ọ̀gá Brahim wí. "Tó o bá ń fi àánú yọ máàkì, gbogbo òkè yìí ló máa di tálákà."

"Mi ò bẹ àánú, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká dán an wò ni. Ẹ jẹ́ ká padà sí ọgọ́ta ilé, ká béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé gba orí òrùlé: ìgbà tí wọ́n jẹran kẹ́yìn, ọjọ́ tí wọ́n sùn láìjẹun. Tí mo bá ṣìnà, ẹ lé mi."

"Ìwọ lo máa lọ béèrè?"

"Rárá. Mo ti ní ẹni tí mo fẹ́ràn níbẹ̀. Ẹ rán ẹlòmíì tí kò mọ máàkì àkọ́kọ́."

Ṣé ẹ rí irú ènìyàn tí mò ń wí? Wọ́n ká ápù tán, àyẹ̀wò tí Ọ̀gá Brahim gbà kí wọ́n ṣe ò tíì parí. Izza wọ ọkọ̀ lọ sí Marrakesh. Ijja gbọ́, ó sunkún, síbẹ̀ kò yọ máàkì ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí èsì dé, ogójì ilé ó lé kan tí ìwé pè ní ilé tó rí jẹ ni ebi ń pa. Ọ̀gá Brahim kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ránṣẹ́ sí olú ìlú, wọ́n sì yí ìbéèrè náà padà. Ìbéèrè tuntun yìí kan náà ló yọ ilé ẹ̀gbọ́n Ijja kúrò nínú àwọn tó ń gba ìrànwọ́, torí ọmọ rẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í kí i lọ́dún.

Yìnyín ti bo òkè kí ìrànwọ́ tó dé Tizgi. Ọjọ́ kejì ni Tuda wọ ọkọ̀ lọ mú ọmọ rẹ̀ wálé.

Lọ́jọ́ tí Ijja tún yà níbẹ̀, Izza ń kàwé lẹ́bàá iná. Kò sẹ́ni tó sáré lórí òrùlé. Tuda gbé agolo tòmátò náà kalẹ̀ níwájú àlejò, ó bu tíì, ó sì wojú rẹ̀.

"Agolo ni. Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mi ò mú ìwé wá lónìí, Ìyá Izza."

Tíì náà ń rùn bí irin. Ife mẹ́ta gbáko ni Ijja mu.