Èyí Tó Ti Ẹ̀dọ̀ Wá àti Èyí Tó Ti Egungun Wá

Ọdún kejìlélógún rèé tí ọkùnrin náà ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn kan ṣoṣo. Ẹ-jẹ́-n-tún-un-wò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí kì í fọwọ́ sí èsì tí kò bá tíì wò lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Énsáìmù kan wà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tí egungun náà sì ń ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀yàtọ̀. Àpapọ̀ ló ń gbé jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó ti wá á gbé omi ẹ̀jẹ̀ náà sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ti egungun á bàjẹ́, ti ẹ̀dọ̀ á ṣẹ́ kù.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀, káfíńtà tó ti fi ọtí sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, dé iwájú rẹ̀, iye énsáìmù náà ga fíofío. Kò gbé nǹkan kan sínú omi. Ó kàn mi orí, ó ní, "Mo mọ̀." Ẹ wo ọlọ́gbọ́n! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti pe ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ọkọ rẹ ti padà sídìí ìgò o. Mo rí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà kó àwọn ọmọ, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, dókítà dá èsì náà padà: kí wọ́n bá òun ya ti ẹ̀dọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti egungun. Ọ̀gbẹ́ni wa wá gbé e sínú omi gbígbóná. Iye náà wó lulẹ̀. Egungun ni. Oṣù méjì sẹ́yìn ni àbúrò rẹ̀ jábọ́ láti orí òrùlé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ọ̀gbẹ́ni wa alára ló gbé e wá sílé ìwòsàn. Egungun tó ń jinná ló ń tú énsáìmù sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbàgbé ẹsẹ̀ náà. Ọtí nìkan ló wá sí i lọ́kàn. Ojú tì í débi pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Ó pe ìyàwó náà, ó jẹ́wọ́ pé òun ló pa irọ́ mọ́ ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́, ó pa fóònù. Ẹ̀gbọ́n wá lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ìyẹn ò gbójú sókè lára pákó tó ń fá.

"Ẹ̀gbọ́n, omi gbígbóná yẹn, ṣé gbogbo ẹ̀jẹ̀ lẹ máa ń ṣe é fún?"

"Gbogbo èyí tó bá ti ga."

"Ká ní ti ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí ni ńkọ́?"

"Ǹ bá ti ṣe é."

Àbúrò rẹ̀ mú ọ̀pá tó fi ń rìn, ó ní òun ń lọ bẹ ìyàwó òun. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n má tẹ̀lé òun.