Ọjọ́ Tí Àwọn Ọmọbìnrin Da Garawa Dé ní Ajah

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Igbó Ẹfọ̀n kọjá lónìí, tí ẹ ń wo ilé gíga lọ́tùn-ún lósì, ó lè ṣòro fún yín láti gbà pé iyanrìn àti igbó ẹ̀bá ọ̀sà ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí Ajah láti kọ́ni. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà. Wọ́n ti kéde pé ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ilé ìwé sì ń yọ níbi gbogbo. Tiwa wà lọ́nà Addo: ilé gbọọrọ méjì tí ògiri wọn kò ga ju àyà ènìyàn lọ. Àwọn kan ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìyẹ ni. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni mí, mo ti kàwé gboyè nínú kẹ́mísírì, mo sì rò pé ohun tó kù kò ju kí n wọlé kí n máa kọ́ wọn lọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì fọ́ọ̀mù kẹta lẹ́yìn bíréèkì, ọkùnrin nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ìdajì àga ló ṣófo.

Mo ní, "Àwọn obìnrin yín dà?"

"Wọ́n lọ pọn omi, mà."

"Omi ta ni?"

Wọ́n wo ara wọn bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò nítumọ̀. "Omi àwọn tíṣà, mà."

Kò sí omi ẹ̀rọ ní ilé ìwé wa. Kànga tó dára jù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí kan nínú abúlé, ìrìn rẹ̀ sì jìnnà nínú iyanrìn. Ẹ̀yìn kíláàsì ni àwọn olùkọ́ tí wọ́n ní ìdílé ń gbé, àwọn ọmọbìnrin ló sì ń pọn omi kún àgbá ilé wọn lójoojúmọ́. Lẹ́yìn bíréèkì ni wọ́n ń lọ, nítorí òwúrọ̀ ni àwọn ará abúlé fúnra wọn máa ń pọ̀ létí kànga. Ẹ̀yìn bíréèkì náà ni wọ́n fi kẹ́mísírì àti físíìsì sí. N kò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó pinnu pé kí obìnrin má kọ́ sáyẹ́ǹsì. Bó ṣe bọ́ sí i nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó bá wá di àkókò àti yan iṣẹ́ tí wọn yóò fi ṣe ìdánwò, tí àwọn ọmọ náà kò bá lè dáhùn ohun tí wọn kò gbọ́ rí, àwọn olùkọ́ á mi orí, wọ́n á ní ọpọlọ obìnrin kò gba sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà kò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Rísíkátù lorúkọ rẹ̀. Apẹja ni bàbá rẹ̀ lórí ọ̀sà, ìyá rẹ̀ sì ń yan ẹja tà. Bí wọ́n bá ti dé láti ibi omi, èjìká yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ á ṣì tutù, á sáré gba ìwé lọ́wọ́ ọkùnrin kan, á máa dà á kọ. Lẹ́yìn náà á wá bá mi létí ilẹ̀kùn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ásíìdì ṣe ń sọ pépà aláwọ̀ búlúù di pupa?"

Ó fẹ́ di ẹni tí ń po oògùn ní ilé ìwòsàn. Ó sọ ọ́ fún mi ní ohùn kékeré, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kí wọ́n má fi òun rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà. Ènìyàn burúkú kọ́. Ó gbé àga fún mi, ó sì gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó wá ní, "Ìyáàfin, ẹ̀yin náà obìnrin ni, ẹ mọ̀ bó ṣe rí. Tí mo bá rán àwọn ọkùnrin yìí lọ pọn omi, wọ́n á lọ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọbìnrin kì í fún mi ní wàhálà."

Mo ní, "Nítorí wọn ò fún yín ní wàhálà ni wọn ò ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ ká máa rọra."

Mo gbé e lọ sí ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ olùkọ́. Láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́ ni mo ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, mo ti bá wọn gbé pátákó rìn nínú oòrùn nígbà ìyanṣẹ́lódì. Alága wa, ọkùnrin tó lẹ́nu bíi pé kò ní rẹ̀ ẹ́ láé, fọwọ́ lu tábìlì: "Ọ̀rọ̀ ìgbéga àwọn olùkọ́ la wá sọ níbí, Àǹtí, ẹ ń sọ̀rọ̀ omi!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín náà tó lọ sílẹ̀, ó kọjú sí àwa obìnrin tó wà lẹ́yìn. "Ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ yẹn o." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dìde, wọ́n lọ bù ú. Èmi náà dìde, ṣùgbọ́n ilé ni mo lọ.

Mo gbìyànjú láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin náà ní ọjọ́ Sátidé. Díẹ̀ ló wá, nítorí Sátidé ni ẹja máa ń pọ̀ láti yan. Nígbà náà ni Rísíkátù bi mí pé, "Mà, tá ò bá pọn ọ́n ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n á bínú sí yín."

Ó ní, "Mo mọ̀ yẹn, mà."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, agogo bíréèkì dún tán, àwọn ọmọbìnrin gbé garawa jáde bí ìṣe wọn. Dípò kí wọ́n gba ọ̀nà abúlé, wọ́n da garawa dé sórí iyanrìn níwájú kíláàsì, wọ́n jókòó lé e, wọ́n sì ṣí ìwé lé itan. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló mú kí gbogbo ilé ìwé yọjú.

Ọ̀gá àgbà jáde. "Ẹ dìde!"

Wọn kò dìde.

"Ta ni olórí yín?"

Rísíkátù nìkan ló dìde. "A ò kọ̀ láti pọn omi, sà. Kí àwọn ọkùnrin bá wa pọn ọ́n ni, kí gbogbo wa lè jọ wọ kíláàsì."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ìyáàfin, ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn ní èyí?"

"Kẹ́mísírì ni mo kọ́ wọn, sà. Ìyẹn náà kò sì tíì tó."

Mo wọlé lọ gbé pátákó ìkọ̀wé wá síta, mo gbé e ti igi àgbọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láìpẹ́ àwọn ọkùnrin fo ògiri kíláàsì jáde wá jókòó sórí iyanrìn. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, n kò tún rí kíláàsì tó gbọ́rọ̀ bíi tọjọ́ yẹn.

Kí wọ́n tó jáde ilé ìwé lọ́jọ́ náà, wọ́n ti lé Rísíkátù lọ sílé pé kó lọ mú bàbá rẹ̀ wá. Bàbá náà gbọ́, inú bí i, ó ní, "Kó jókòó ti ìyá ẹ̀. Ìwé tó kà ti tó." Ṣùgbọ́n àwọn ìyókù kò fi ìjókòó wọn sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà àgbá omi gbẹ, àwọn olùkọ́ ń lọ wẹ̀ lọ́sà, àwọn ìyàwó wọn sì ń kùn.

Lẹ́yìn náà ni ìyá Rísíkátù mú ọmọ rẹ̀ dé, òun àti àwọn ìyá ọmọ mìíràn, òórùn èéfín ẹja lára aṣọ wọn. Ó kí ọ̀gá àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ máa bínú, sà. Kó tó kúrò nílé láàárọ̀ ló ti ń pọn omi fún mi. Tó bá jẹ́ omi náà ló tún wá pọn níbí, èmi ni kó dúró ràn lọ́wọ́." Àwọn obìnrin yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn náà.

Ọ̀gá àgbà rò ó. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ọkùnrin àti obìnrin yóò jọ máa pọn omi lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde. Àwọn ọmọ hó yèè. Àmọ́ ó gbé ọwọ́ sókè. "Rísíkátù yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé ìwé, yóò tọrọ àforíjì."

Rísíkátù ní, "Mo máa ń kúnlẹ̀ kí yín láràárọ̀, sà, mo sì máa kúnlẹ̀ kí yín lọ́la. Ṣùgbọ́n mi ò lè tọrọ àforíjì pé mo fẹ́ kàwé."

Mo bẹ ọ̀gá. Ó rọra sọ fún mi pé, "Tí mo bá gbà fún un, ta ni yóò tún gbọ́ràn sí mi lẹ́nu?" Ìyá Rísíkátù náà bẹ ọmọ rẹ̀: "Ọmọ mi, kúnlẹ̀ kó tán." Nígbà tó wá wo ojú ọmọ rẹ̀, kò tún un sọ mọ́. Ó fà á lọ́wọ́, wọ́n sì lọ.

Èrè wa wà. Nígbà tó yá, àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé wa jókòó ṣe ìdánwò kẹ́mísírì, ọ̀kan nínú wọn sì di dókítà. Nínú ẹgbẹ́ náà, àwa obìnrin pinnu pé a kò ní bu oúnjẹ ní ìpàdé mọ́ àyàfi tí a bá ní ìjókòó níwájú. Wọ́n fi mí ṣe igbákejì alága. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, igbákejì náà ni mí.

Àdánù wa wà pẹ̀lú. Sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi gbé mi lọ sí abúlé kan lódìkejì ọ̀sà, níbi tí kò sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì rárá. Ìyá Rísíkátù bá bàbá ọmọ náà jà títí ó fi gbà kí ọmọ lọ parí ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Kò sí olùkọ́ kẹ́mísírì níbẹ̀. Ó di olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbẹ́jú. Olùkọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ohun tó fẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo pàdé ọ̀gá àgbà níbi ìpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti dàgbà gan-an. Ó ń fi àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ ṣe sáyẹ́ǹsì ní Ajah yangàn. "Lásìkò mi ni o!" Mo bi í pé, "Rísíkátù ńkọ́, sà?"

Ó ronú lọ, ronú bọ̀. "Èwo nínú wọn nìyẹn?"

Mo wọ ọkọ̀ lọ bá Rísíkátù ní Ìbẹ́jú lọ́sẹ̀ náà. Ewú ti wà lórí òun náà. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó tíì bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, kó jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú kí n má tẹ̀ síwájú.

"Rárá, mà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ mí ní ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó jẹ ẹ́ máa rántí pé àwọn ò tíì san án."