Ibi Tí Dosu So Sẹ́ńsọ̀ Mọ́

Lábẹ́ igi fúrúùtù kan létí títì márosẹ̀ ní Morogbo ni Dosu ti ń ṣe ríwáyà, iṣẹ́ àwọn tó ń tún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe. Àsìkò ìjọba sójà ni mò ń wí yìí, nígbà tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú, tí ẹni tó bá rí díẹ̀ rà ń fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ṣáájú ìgbà náà, mekáníìkì kan àti ẹnì kan tó ń na ara mọ́tò tó tẹ̀ jọ wà lábẹ́ igi yẹn pẹ̀lú Dosu. Nígbà tí ìlú le, mekáníìkì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Kútọnù, èkejì padà sí oko bàbá rẹ̀. Ìyàwó Dosu pàápàá ní òun fẹ́ lọ kí àwọn ènìyàn òun ní Àjàṣẹ́, ìkíni ọ̀hún kò sì tán mọ́.

Báyìí ni ọkùnrin náà ṣe di ẹni tó ń kí bátìrì láàárọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò fẹ́ràn kí àgbàlagbà máa bá bátìrì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ṣé kó rà ni? Tó bá di ọ̀sán, á rẹ gàrí, á gé àgbọn sí i, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa wo àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ẹnubodè. Ó dá wà, ó sì mọ̀ pé òun dá wà.

Ibẹ̀ ni Agatha bá a. Tíṣà ni Agatha, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Badagry, ọkọ rẹ̀ sì ti kú nígbà òjò. Aṣọ dúdú ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, Họ́ńdà tòkunbọ̀ tí olóògbé fi sílẹ̀ ló wà wá. Àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì ti fọ́, àbúrò Agatha wá ra òmíràn ní Kútọnù, páìpù dídán kan tó ní fíltà roboto lórí. Ẹni tó bá a dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Agbálátà kò mọ ibi tí yóò ki sẹ́ńsọ̀ kékeré kan bọ̀, nítorí páìpù tuntun náà kò ní ihò rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ kó máa fì dirodiro.

“Ọ̀gá ríwáyà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n,” Agatha wí. “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nǹkan yìí ń ṣe gan-an?”

Dosu ṣàlàyé fún un. Àwọn mọ́tò tó dé lóde báyìí ní ọpọlọ, àpótí kan tó ń pinnu iye epo tí ẹ́ńjìnnì yóò mu. Sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń sọ fún ọpọlọ náà bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ṣe gbóná tó. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, epo á pọ̀. Bó bá gbóná, epo á dín. Inú páìpù afẹ́fẹ́ ló yẹ kí orí sẹ́ńsọ̀ wà. Bí èèyàn bá gbé e síbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ti ń fẹ́ sí i, irọ́ ni yóò máa pa fún ọpọlọ, epo kò ní tó, mọ́tò á máa wúkọ́, á sì kú bó bá ń rá pálá nínú oòrùn.

Ó mọ̀ ọ́n, àbí kò mọ̀ ọ́n? Ó mọ̀ ọ́n dunjú. Ṣùgbọ́n wáyà sẹ́ńsọ̀ náà kúrú, kò dé ibi tó yẹ, kò sì sí wáyà tó dáa nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó bá fi téèpù so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. “Ẹ ṣì máa lò ó báyìí ná,” ó ní. Òótọ́ ni, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀ nígbà náà.

Kò pẹ́ tí Agatha fi padà wá. Mọ́tò ń wúkọ́. Dosu ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sún sẹ́ńsọ̀ síwájú díẹ̀, ó ní kí ẹ́ńjìnnì tutù ná. Bí wọ́n ṣe ń dúró dè é, Agatha jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ti olóògbé tó máa ń hanrun bí ọkọ̀ ojú omi, ti Ọlámipọ̀sí ọmọ rẹ̀ tó wà ní iléèwé àwọn olùkọ́, ti ilé tó dákẹ́ jù. Dosu fún un ní àgbọn, ó jẹ ẹ́. Nígbà tó lọ tán, Dosu rí i pé òun kò bá bátìrì sọ̀rọ̀ látàárọ̀.

Wáyà tó dáa dé. Dosu rà á, ó fi kọ́ ìṣó. Ìyẹn gan-an ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Lọ́dọ̀ àwọn Ègùn, ènìyàn wọn létí ọ̀sà, opó kì í kàn ṣàdédé lọ jókòó sọ́dọ̀ ọkùnrin. Ohun tó gbé e jáde gbọ́dọ̀ hàn sójú ayé: iṣẹ́, ọjà, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ kì í sì í fara pa mọ́. Gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá ló ń rí i pé mọ́tò ló bàjẹ́. Bí mọ́tò bá wá dáa ńkọ́? Kí ni Tíṣà yóò tún wá ṣe ní Morogbo? Bí Agatha bá ti dé, Dosu á sún sẹ́ńsọ̀ síbí, á sún un sọ́hùn-ún, kò sì ní gbé e kúrò nínú ooru. Ó ń tì í lójú, inú rẹ̀ sì ń dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbénú rẹ̀ kì í fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìrì.

Ọdún yípo. Agatha bọ́ aṣọ dúdú, ó wọ aṣọ òféfèé wá, ó dúró níwájú Dosu bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀. Ọmọ ilẹ̀ náà ni Dosu, ó mọ àṣà: bí opó bá bọ́ ọ̀fọ̀, ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ kí i, ẹni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ nínú ló kọ́kọ́ ń dé ibẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó dúdú fún epo ẹ́ńjìnnì, ó wo ìwé tí Tíṣà gbé sábẹ́ apá. “Ẹ kú aṣọ tuntun,” ó ní, ó sì tẹ orí mọ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ojo ni. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀ rí, kò bá mi jà.

Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ni Agatha fi rìn dé, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, eruku bo orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Mọ́tò ti kú níwájú ibi tí àwọn sójà ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Ọ̀kan nínú wọn ní ó mọ̀ọ́mọ̀ dí ọ̀nà ni, ó ní kó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà gbígbóná. Àgbàlagbà obìnrin, níṣojú àwọn ọmọ tó ń kọ́ níwèé.

“Ẹ má dá ara yín lẹ́bi o, Ọ̀gá Dosu,” ó ní. “Ẹ ti sa gbogbo ipá yín lórí mọ́tò yẹn.”

Inú Dosu bàjẹ́ débi pé kò lè wo ojú rẹ̀. Ó mú wáyà lórí ìṣó, wọ́n jọ padà síbi tí mọ́tò wà, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ kan fi okùn fà á wá sábẹ́ igi. Ó lu ihò sí ara rọ́bà tó so páìpù mọ́ ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn fíltà, níbi tí ooru kì í dé. Ó fi rọ́bà kékeré yí ihò náà ká kí afẹ́fẹ́ má bàa jò, ó ki sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́ kí orí rẹ̀ wà láàárín afẹ́fẹ́ tó ń kọjá. Ó fi wáyà tuntun kún ti sẹ́ńsọ̀ kó lè gùn, ó fi iná lẹ̀ ẹ́, ó fi téèpù wé e dáadáa. Oòrùn ṣì wà lókè dáadáa nígbà tó parí iṣẹ́ tó ti ń sá fún látọjọ́ yìí.

Wọ́n wà á dé Àgbárá láti dán an wò. Ẹ́ńjìnnì ń ké geere. Wọ́n wọ inú sún kẹrẹ fà kẹrẹ ní oòrùn gangan, kò wúkọ́. “Ẹ̀nyọ́n!” Agatha fi èdè Ègùn wí, ó fi ọwọ́ gbá sítíárìn, “ó dáa, ó dáa gan-an ni!” Dosu fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀: pé òun mọ ibi tó yẹ látilẹ̀, àti ìdí tí òun kò fi gbé e síbẹ̀. Ó la ẹnu, ó wá ní kí wọ́n ṣẹ́rí padà.

Lẹ́yìn ìgbà náà, Agatha kò wá mọ́. Kí ló fẹ́ wá ṣe? Bátìrì tún padà di ẹni tí Dosu ń kí. Láwọn ọjọ́ ìsinmi, á wẹ̀, á wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó mọ́, á jáde bí ẹni tó ń lọ sí Badagry, á dé etí títì, á padà sílé.

Òjò ti ń ṣú nígbà tí Họ́ńdà náà tún yà wọ abẹ́ igi. Ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀, mátírẹ́sì wà lórí rẹ̀. Agatha sọ̀ kalẹ̀.

“Mo ní kí n wá dágbére,” ó ní. “Wọ́n ti gbé iṣẹ́ mi lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà. Èmi ni mo kọ̀wé béèrè fún un.”

“Abẹ́òkúta,” ni Dosu wí.

“Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Nígbà tí mọ́tò yìí ń wúkọ́, inú mi máa ń dùn. Mo máa ń ní, ó yá, mo ti rí ìdí tí màá fi yà. Nígbà tí mo bọ́ ọ̀fọ̀, mo ní a ò tún nílò mọ́tò tó bàjẹ́ mọ́, pé ẹ ó wá kí mi nílé. Mo ra àga tuntun sí pálọ̀. Mo ń retí yín.”

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Dosu ní ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ láti ọdún tó kọjá. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó nu ún, ó tún nu ún.

“Mọ́tò ti dáa báyìí, Tíṣà,” ó ní. “Ẹ máa wà á dé Abẹ́òkúta láìdúró.”

Agatha wo ojú rẹ̀ títí. “Ẹ ṣé,” ó ní, ó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Dosu dúró létí títì, ó ń gbàdúrà pé kí mọ́tò náà wúkọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò wúkọ́.