Ẹni Tí Nọ́ńbà Rẹ̀ Kò Sí Níbẹ̀

Ìyá Nabeelah kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ bi àwọn tó ń ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ring Road, wọn á sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó ní sùúrù bíi tirẹ̀ fún arúgbó tí kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣẹ̀ ẹ́, ẹ gbé! Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó sì ṣu sí i lọ́rùn kò jìnnà: Alhaji Mánsúrù Ajíbóyè ni, alága àwọn onílé àdúgbò wọn ní Bódìjà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì.

Inú kòtò ni àdúgbò náà wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í sì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀. Iléeṣẹ́ fóònù kan wá fẹ́ ri òpó síbẹ̀ nígbà kan. Alhaji ní òpó ń fa jẹjẹrẹ. Ta ló sọ fún un? Ó ní òun gbọ́. Ó kó àwọn onílé jọ, wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ náà lọ tòun ti irin wọn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún alága. Láti ọjọ́ náà, orí àga làwọn àgbàlagbà ń gùn kí wọ́n tó lè bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọdún méjì sẹ́yìn, bàbá Ìyá Nabeelah kú ní Ìsẹ́yìn. Mùsùlùmí ni wọ́n, òkú wọn kì í pẹ́ nílẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ti ń pè é. Fóònù wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, kò dún. Ó fọ aṣọ, ó lọ ata, ó tilẹ̀ ń kọrin. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta ó jáde lọ sọ́jà, bó sì ṣe gun òkè dé títì ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́wọ́ rẹ̀ láìdákẹ́. Ìpè mọ́kànlélógún ni kò wọlé. Wọ́n ti sin bàbá lẹ́yìn ìrun Àílà. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti wo ojú òkú; òun tó jẹ́ àkọ́bí, yẹ̀pẹ̀ tútù ló lọ bá.

Alhaji wá kí i kú ọ̀fọ̀ nígbà tó padà dé. Ó ṣàdúrà, ó fi ọwọ́ pa ojú, ó wá ní, “Ṣebí ẹ lè máa gun òkè lọ wo fóònù yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ìyá Nabeelah gbé mì, kò sì dà nínú rẹ̀ títí dòní.

Ní ọdún yìí, wọ́n fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì wọ àdúgbò. Iléeṣẹ́ fóònù rẹ̀ sì ní àpótí kan, funfun, kò tóbi ju páálí ṣúgà lọ. Bí wọ́n bá so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, á di òpó kékeré nínú ilé, fóònù á sì máa dún geere. Jésùtóbi, ọkùnrin iléeṣẹ́ náà, ló wá dè é. Iná pupa ló ń ṣẹ́jú lára àpótí, kò yí padà. Jésùtóbi pa á, ó tàn án, ó pààrọ̀ wáyà. Ó fẹ́ pe ọ̀gá rẹ̀, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó gun òkè lọ bíi ti gbogbo èèyàn. Nígbà tó padà, ó ní àpótí gbọ́dọ̀ rí ojú sánmọ̀ kó tó lè mọ ibi tó wà. Abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni Ìyá Nabeelah sì tọ́jú rẹ̀ sí! Wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé tó kọjú sí ilé Alhaji. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, iná ti di àwọ̀ ewé.

Nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún péré ni àpótí náà ń gbà. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, bó jókòó ti àpótí, òkú ni fóònù rẹ̀. Ìyá Nabeelah kọ tirẹ̀ àti ti Nabeelah sí i. Ó kọ ti àwọn ayálégbé, ti ìmáàmù, ti aládùúgbò ẹ̀yìn ilé, títí kan ti fọkanáísà tó wà ní oríta. Nígbà tó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dáwọ́ dúró. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo, kí ẹnì kan má baà sọ pé àyè ni kò sí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Alhaji fi wá.

“Ìyá Nabeelah, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Mọ́níyà, ara wọn ò yá. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n lò. Ẹ bá mi fi nọ́ńbà mi sí i.”

“Háà, Alága! Ó ń fa jẹjẹrẹ o. Ẹ̀mí yín ṣe pàtàkì sí wa.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ṣebí ẹ lè máa gun òkè lọ wo fóònù yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

Alhaji wò ó títí. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ó yí padà, ó lọ. Oúnjẹ Ìyá Nabeelah dùn lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú kejì lẹ́yìn ìyẹn, fóònù rẹ̀ dún ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Kabir ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaji, tó máa ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Nabeelah.

“Mọ́mì mi ti kú, mà. Mo ń pe Bàbá Alhaji láti àárọ̀, kò wọlé. Ẹ̀yìn Àílà la máa gbé wọn jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Ìyá Nabeelah jókòó. Ó wo aago. Bó bá ti lè dákẹ́ títí di aago méjì, ó parí. Kò ní purọ́, kò ní jalè, yóò kàn dákẹ́ ni. Ó tọ́ èrò náà wò, ó dùn. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn jù ú lọ wá sí i lọ́kàn, ló bá mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Alhaji kì í wakọ̀ mọ́, dírẹ́bà rẹ̀ kì í sì í wá lọ́jọ́ Àìkú. Ó wọ mọ́tò Ìyá Nabeelah pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ó ń kà á pé Ìnnálílláhì. Ní ọ̀nà Yunifásítì ni Ìyá Nabeelah ti bẹ̀rẹ̀. Ó ro ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú fún un láti orí aṣọ tó fọ̀ dórí yẹ̀pẹ̀ tútù, kò fo nǹkan kan. Alhaji kò lè sọ̀ kalẹ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó rí ọkọ̀ míì. Nígbà tí àwọn tírélà dí ọ̀nà ní Òjòó, Ìyá Nabeelah pa ẹ́ńjìnnì, ó kọjú sí i.

“Ìpè àkọ́kọ́ nínú mọ́kànlélógún yẹn, nọ́ńbà bàbá mi fúnra wọn ni. Aago márùn-ún ìdájí. Wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ, Alága?”

“Mi ò mọ̀.”

“Èmi náà ò mọ̀. Mi ò sì ní mọ̀ ọ́n láé.”

Omi ń bọ́ lójú Alhaji. Inú Ìyá Nabeelah dùn sí omi náà, ó fẹ́ kó pọ̀ sí i.

Wọ́n bá òkú nílẹ̀ ní Mọ́níyà. Wọ́n ṣí ojú rẹ̀ fún Alhaji, ó kúnlẹ̀ tì í pẹ́. Kabir fà á dìde, ó ní, “Àná ni wọ́n ń pè yín, Bàbá. Ìgbà mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn fẹ́ bá Mánsúrù sọ. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi, wọ́n kọ̀. Kò wọlé títí wọ́n fi sùn.”

Ìyá Nabeelah tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ibi tí yàrá Alhaji wà, pé láti ojú fèrèsé òun dé ibẹ̀ kò tó ogún ìṣísẹ̀. Alhaji gbójú sókè. Ó ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ náà. Ó rìn wá bá a, kò pariwo, kò ṣépè.

“A ti ta ọ̀mì, Ìyá Nabeelah,” ó ní. Ó bá òkú jáde.

Ìyá Nabeelah yí padà, ó fẹ́ lọ sídìí mọ́tò rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ ṣeun, mà. Ọpẹ́lọpẹ́ yín. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, Bàbá ì bá má rí ojú wọn.”

Ó ń fà wọ́n dìde, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dúpẹ́ mọ́.