Àká Àtijọ́ Yẹn Ńkọ́?

Ẹni tó bá rí mi ní títì Ìgàndó láyé ọjọ́un, pẹ̀lú báàgì dúdú tí mo gbé kọ́ àyà àti ẹrù onígun mẹ́rin tí mo rù sórí, yóò rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń gbé kiri. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń pè mí dúró.

"Télọ̀, ẹ yà síbí, ẹ bá wa rán ṣòkòtò yìí."

Màá ní kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ o, kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀. "Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń rù lórí?"

Wọn kò jẹ̀bi. Ohun tó wà lórí mi ni pírińtà, ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde sórí ìwé. Kọ̀ǹpútà gan-an ló wà nínú báàgì àyà mi, àgbélétan kékeré aláwọ̀ eérú kan, tòkunbọ̀, tí mo rà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Ìkọ̀tún nígbà tó ti òkè òkun dé. Kékeré ni mo pè é, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e dé Egan, èjìká mi á máa rán mi létí títí di ọjọ́ kejì. Bátìrì rẹ̀ ti kú kó tó dé ọwọ́ mi. Bí wáyà rẹ̀ bá ti kúrò lára ògiri báyìí, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń ra tuntun nígbà náà, àwọn ẹlòmíràn ń fi irú rẹ̀ ra ilẹ̀. Èyí tí agbára mi ká ni mo rà.

Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mo kọ́. Ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣe é kógbá sílé, ni mo bá lọ ń bá wọn tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkọ̀tún. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Màdáámù Fálàdé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgàndó. Obìnrin gíga ni, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, kì í pariwo mọ́ ọmọ, síbẹ̀ kò sí ọmọ tó jẹ́ ṣe ohun tó bá ní kí wọ́n má ṣe. Ìbéèrè ìdánwò ló máa ń gbé wá. Lọ́jọ́ kan ó jókòó tì mí, ó ń wo bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó bá rí i pé àwọn oníbàárà tó ń dúró de iṣẹ́ tiwọn ti kóra jọ sẹ́yìn mi, wọ́n ń ka tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń dá ìbéèrè lóhùn fún ara rẹ̀.

Màdáámù fa ìwé rẹ̀ kúrò níwájú mi.

"Bísí, ṣé o kò lè máa wá tẹ èyí ní ọ́fíìsì mi?"

"Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé gbé, mà."

"Wá èyí tó ṣeé gbé."

Bí ọ̀rọ̀ àgbélétan ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yòókù ní Ìdímù, ní Egan, ní Ẹgbẹ́dá gbọ́ pé obìnrin kan wà tó ń gbé kọ̀ǹpútà wá bá èèyàn nílé. Bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, ọwọ́ mi kì í dilẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí ni mo ti ń tọ́ àwọn ọmọ mi.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ Màdáámù, yóò ti ìlẹ̀kùn, yóò gbé ìwé tó fi ọwọ́ kọ fún mi. Màá tẹ̀ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà màá yọ ríbọ́ọ̀nù kúrò lára pírińtà, kí àwọn abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ lè gún sítẹ́ńsù, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ìda pa. Sítẹ́ńsù yẹn ni wọ́n máa ń fi sára ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí, tí ẹ̀dà á máa jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí kíláàsì. Ohun tí Màdáámù bá ti fọwọ́ kọ, yóò ju sínú agolo mílíìkì kan lójú fèrèsé, yóò ṣá ìṣáná sí i, yóò sì dúró tì í títí yóò fi di eérú.

"Ibi méjì péré ni ìbéèrè yìí wà báyìí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Kọ́bọ́ọ̀dù mi àti báàgì rẹ."

Nǹkan méjì ló ń yọ mí lẹ́nu nínú iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí mo ń tẹ̀wé lọ́wọ́, ohun tí mi ò bá tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn. Ọjọ́ mìíràn wà tí màá dé Egan tí iná kò ní dé rárá. Èmi àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ á jókòó, a ó jẹ ẹ̀pà títí, màá sì tún ru pírińtà mi padà sílé. Èkejì ni háàdì dísíìkì. Inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí èèyàn bá tẹ̀ ń gbé, bí ọkà ṣe ń gbé inú àká. Àká ni ẹni tó ń tún un ṣe máa ń pè é, èmi náà wá ń pè é bẹ́ẹ̀. Àká tèmi kéré, ó ti kún dé ẹnu.

Ẹni tó ń tún un ṣe yìí ni Bọ̀dá Ráṣídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù rédíò àti fídíò ní Ẹgbẹ́dá, tó ti wá ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Mo gbé ẹ̀rọ mi lọ bá a, ó la ìkarahun bátìrì mi, ó pè mí kí n wá wò ó.

"Ìyá Kẹ́mi, ẹ ò rí i? Bátìrì kéékèèké ló tò síbẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀kì nínú páálí. Gbogbo wọn ló ti kú."

"Ṣé wọ́n ṣeé jí?"

"Wọn ò ṣeé jí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé pààrọ̀. Irú èyí tí àwọn oníkámẹ́rà fídíò ń lò ni."

Ó to tuntun síbẹ̀, ó jó wọn pọ̀, ó pa ìkarahun náà dé. Ó wá yọ àká kékeré, ó kó gbogbo iṣẹ́ mi sínú ńlá kan, ó fi í sí ipò rẹ̀. Àká kékeré yẹn, ó fi sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹni tó bá fi páàtì tuntun sí nǹkan rẹ ló ni ògbólógbòó, ó ti bá owó iṣẹ́ lọ. Mo kí i, mo gbé báàgì mi kọ́rùn. Bí orí mi ti wú tó lọ́jọ́ náà, mi ò rántí wẹ̀yìn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọjọ́rú, mo wà ní ọ́fíìsì Màdáámù Fálàdé. Ti kíláàsì kìíní dé ìkarùn-ún la ti tẹ̀ kí n tó gbé ẹ̀rọ lọ fún àtúnṣe, ti ìkẹfà ló kù. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò yóò bẹ̀rẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni fáànù òkè rọra dúró. Màdáámù gbójú sókè.

"Wọ́n mú iná lọ, Bísí."

"Mo rí i, mà."

"O ṣì ń tẹ̀wé."

"Mo ṣì ń tẹ̀wé, mà."

Ó dìde, ó wo wáyà mi nílẹ̀, ó wo ojú àgbélétan tó mọ́lẹ̀ kedere, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Màdáámù wọ́n, àyè sì gbà mí. Mo ní, "Bátìrì tuntun ni, mà. Wọ́n tún yọ àká kékeré, wọ́n fi ńlá sí i. Gbogbo iṣẹ́ yín pátá ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò sọnù."

Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó béèrè. "Àká àtijọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó tún un ṣe, mà."

"Ìbéèrè wa ṣì wà nínú rẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Kì í ṣe ti Ìgàndó nìkan. Ti Ìdímù wà níbẹ̀, ti Egan àti ti Ẹgbẹ́dá náà wà níbẹ̀. Màdáámù kò gbé ohùn sókè. Ì bá sàn kó tiẹ̀ pariwo.

"Lọ wá a. Tí o bá rí i, gbé e wá. Tí o kò bá rí i, èmi ni màá sọ fún àwọn yòókù. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òbí."

Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, ta ni yóò tún ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi láti tẹ ìbéèrè ìdánwò ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́? Mo fi pírińtà sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ẹgbẹ́dá.

Bọ̀dá Ráṣídì kò sí níbẹ̀, ó ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mufú, ló jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì.

"Àká kékeré inú dúrọ́ọ̀? Ó ti tà á, jàre."

"Ta ló rà á?"

"Tíṣà Gbénga, ará Àgbàdo, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìn. Ó tún padà wá síbí lánàá, ó ń fajú ro, ó ní òun fẹ́ rí ọkọ mi."

Tíṣà lẹ́sìn ni ẹni tí àwọn òbí ń sanwó fún kí ó máa kọ́ ọmọ wọn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, pàápàá tí ìdánwò bá kù díẹ̀. Nínú gbogbo èrò tó wà ní Èkó, ọwọ́ rẹ̀ ni ìbéèrè ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin bọ́ sí. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Àgbàdo, ọkùnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ara mi ò yá.

Mo béèrè ilé tíṣà lẹ́bàá rélùwéè, wọ́n júwe rẹ̀ fún mi. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kí n tó débẹ̀. Mi ò tíì kí ẹnikẹ́ni tí mo fi gba ojú fèrèsé wo pátákó. Ìbéèrè kìíní: àgbẹ̀ kan ká ọsàn, ó pín in fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bó ṣe wà nínú ti Màdáámù gan-an nìyẹn. Mo di fèrèsé mú. Mo ka ìkejì, kò jọ ọ́. Mo ka ìkẹta, kò jọ ọ́. Mo wá rántí pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọn kì í ti í pín ọsàn.

Tíṣà Gbénga jáde wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ táì pẹ̀lú sìlípáàsì.

"Ẹ káàsán, mà. Ta lẹ ń wá?"

"Àká kọ̀ǹpútà tí ẹ rà ní Ẹgbẹ́dá, èmi ni mo ni ín tẹ́lẹ̀."

"Ẹ̀yin gan-an? Ẹ wọlé, mà, ẹ jókòó. Ẹ̀yin ni mo ń wá. Wọn ò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún mi."

"Ẹ ní kí ni?"

"Òfìfo ni, mà. Mo rò pé ètò ìtẹ̀wé yín, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń tẹ̀wé, á wà nínú rẹ̀, ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Mo sanwó tán ni Bọ̀dá yẹn jókòó síwájú mi, ó fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní kó ṣáà fi ètò ìtẹ̀wé sílẹ̀ fún mi. Ó ní òun kì í ta ẹrù oníbàárà kan fún oníbàárà mìíràn. Irú ìwà wo nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ó gbé àgbélétan tirẹ̀ wá, irú tèmi gẹ́lẹ́, ó tàn án. Mo wá gbogbo inú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi ìlà kékeré kan lójú rẹ̀ tó ń tàn, tó ń kú, tó ń tàn. Mi ò tíì rí ohun tó dára tó òfìfo yẹn láyé mi. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì tètè tán. Àwọn ọmọ ń wò mí. Tíṣà fúnra rẹ̀ ń wò mí.

"Èmi ni wọ́n rẹ́ jẹ, ẹ̀yin lẹ wá ń rẹ́rìn-ín, mà?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Ètò ìtẹ̀wé lẹ fẹ́, àbí?"

Dísíìkì pẹlẹbẹ tí mo fi ń gbé ètò ìtẹ̀wé kiri kì í kúrò nínú báàgì mi. Mo fi sí i fún un níbẹ̀, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ó bi mí pé èló ni. Mo ní kó má sanwó. Ó ra mínírà fún mi, ó tutù dáadáa, mo mu ún tán kí n tó rántí pé mi ò tíì jẹun láti àárọ̀.

Nígbà tí mo dé Ìgàndó lọ́jọ́ kejì, mo rò fún Màdáámù bó ṣe lọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá mi lẹ́nu.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ló wí. Ó wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìwé jáde, ìbéèrè tuntun fún kíláàsì kìíní dé ìkarùn-ún, tàdáwà ṣì wà ní ìka rẹ̀. "Ṣùgbọ́n tẹ èyí."

Ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa. Iná kò sí, bátìrì mi ń ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbé ìwé fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ti máa ń ṣe, ara mi sì balẹ̀ wọ̀ọ̀, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò fọkàn tán. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn yòókù kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀.

Bọ̀dá Ráṣídì dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ lé lórí.

"Ṣé fífọ̀ tí mo fọ̀ ọ́? Fídíò ló kọ́ mi, Ìyá Kẹ́mi. Ẹnì kan fi kásẹ́ẹ̀tì àlòkù sílẹ̀ fún mi, mo tà á fún ẹlòmíràn. Ìgbéyàwó ọ̀gbẹ́ni náà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó kejì. Pálọ̀ aládùúgbò ni ìyálé ti wò ó. Ibí yìí ni ọ̀gbẹ́ni náà wá ká mi mọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó ń kúrò lọ́wọ́ mi láìfọ̀."

Mo ti fi iṣẹ́ títẹ̀wé sílẹ̀ báyìí. Àgbélétan náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá mi. Lóṣù tó kọjá, Kẹ́mi, ọmọ mi, gbé fóònù tuntun wá fi hàn mí, ó ní òun fi ti tẹ́lẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Mo gba fóònù náà, mo yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo yìn ín. Mo gbójú sókè, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti fọ̀ ọ́, Mọ́mì," ló wí, kí n tó béèrè.